Ìtàn ọkọ̀ ojú irin ìgboro Èkó: ṣé ọ̀nà Jákàńdè ni Red Line, àbí òmíràn ni?

Aláwòrán_Ṣómólú:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ tinú tòde rélùwéè. Ilé ìwé girama kan fẹ́ kí á ya ìtàn ọkọ̀ ojú irin ìgboro Èkó sára ògiri: ìlà gbọọrọ kan, ọdún lókè, máàpù nísàlẹ̀. Ohun tí mo kó jọ ń ta ko ara wọn. Ibì kan ní 1983 ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, ibòmíràn ní tíráàmù ti ń rìn l'Ékòó kí wọ́n tó bí Jákàńdè. Àwọn kan ya Metroline, ọkọ̀ ojú irin ìgboro tí Jákàńdè gbèrò nígbà tó jẹ́ gómìnà, àti Red Line òde òní bí ọ̀nà kan ṣoṣo. Gbogbo wọn sì ń pè é ní "light rail".

Ẹ bá mi tú u. Ṣé tíráàmù wà lóòótọ́, ibo ló gbà? Ṣé ọ̀nà Jákàńdè náà ni Red Line? Kí ló sì dé tí wọn kò lo ojú irin àtijọ́ tó ti wà nílẹ̀ láti Ìddó dé Agége, tí wọ́n tún lọ ń tẹ́ òmíràn? Ìwọ̀n, ọdún àti ìdí ni mo nílò, torí àwọn ọmọ yóò bèèrè.

Ojúirin1435:

Tíráàmù wà dáadáa. Àmọ́ kí n tó dé ibẹ̀, ohun kan wà tó yẹ kí ẹ fi ṣe atọ́nà fún àwòrán yín: ìbú ojú irin. Ìyẹn ni àyè tó wà láàárín irin méjèèjì. Inú irin kan la ti ń wọ̀n ọ́n dé inú èkejì. A kì í ka sísanra irin mọ́ ọn. Mẹ́ta ni Èkó ti lò. Ti tíráàmù jẹ́ mìlímítà 762, ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀. Ti rélùwéè àtijọ́ jẹ́ 1067, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àbọ̀. Ti Blue Line àti Red Line, ọ̀nà méjì òde òní, jẹ́ 1435, èyí tó wọ́pọ̀ jù lágbàáyé. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọ̀kan kò lè fẹsẹ̀ lé òmíràn. Tí ẹ bá ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ìbú wọn ṣe rí, ìdajì ìbéèrè yín ti ní ìdáhùn nìyẹn.

Ó di ọ̀rọ̀ tíráàmù. Ní 1896 ni ìjọba àmúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ rélùwéè láti Ìddó lọ sókè, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Ṣùgbọ́n Ìddó kì í ṣe Ìsàlẹ̀ Èkó. Omi ọ̀sà ló wà láàárín wọn. Èrò àti ẹrù tó bá ti òkè bọ̀ á gúnlẹ̀ sí Ìddó, wọ́n á wá máa wá ọ̀nà tí wọn yóò fi sọdá. Ọdún 1901 yẹn náà ni Afárá Carter parí. Nígbà tó di 1902, wọ́n tẹ́ ojú irin tíráàmù láti Ìddó, ó gba orí afárá náà wọ Erékùṣù Èkó. Ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń fi èéfín omi gbígbóná ṣiṣẹ́ ló ń fà á, kì í ṣe iná mànàmáná. Ẹ má ya okùn iná sókè rẹ̀ o; àṣìṣe tí àwọn ayàwòrán sábà máa ń ṣe nìyẹn nítorí pé tíráàmù Yúróòpù ni wọ́n ń wò.

Kí ló dé tó fi tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Irin tó bá súnmọ́ra máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ lè ṣẹ́ kọ́nà tó gan, kò sì gba àyè púpọ̀ lójú títì. Èyí tó bá fẹ̀ nílò kọ́nà tó na ara rẹ̀ gbọọrọ. Ẹni tó bá mọ bí títì Ìsàlẹ̀ Èkó ṣe há tó yóò rí i pé 1067 gan-an ì bá ti fa wàhálà níbẹ̀.

Iṣẹ́ kan tún wà tí àwọn òpìtàn máa ń fò dá: tíráàmù náà ń kó ìgbẹ́. Garawa ni wọ́n ń lò nínú ilé nígbà náà. Àwọn agbépóò á gbé e jáde lóru, tíráàmù á kó o lọ sí etí ọ̀sà kí wọ́n lè dà á nù. Iṣẹ́ èrò ló kọ́kọ́ kú, iṣẹ́ ìgbẹ́ ló gbẹ̀yìn, títí wọ́n fi ti gbogbo rẹ̀ pa ní 1933. Ẹ má yọ ọ́ kúrò nítorí pé ilé ìwé ni. Òun gan-an ni àwọn ọmọ yóò rántí jù.

Agége_sí_Marínà:

Ọ̀gá Ojúirin, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n gba ti Metroline.

Lẹ́yìn 1933, Èkó kò ní ọkọ̀ ojú irin ìgboro tó dá dúró mọ́. Ohun tó wá wà nígbà tó yá ni pé Rélùwéè Nàìjíríà ń fi ojú irin 1067 kó àwọn òṣìṣẹ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ láàárín Ìddó àti Ìjòkò, èyí tí èrò máa ń gun òrùlé rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe metro, ọkọ̀ ojú irin ìgboro tó ní ọ̀nà tirẹ̀. Rélùwéè ọ̀nà jíjìn ló ń fi àyè tó ṣẹ́kù sílẹ̀ fún èrò ìgboro.

Lateef Jákàńdè di gómìnà ní oṣù Kẹwàá 1979. Metroline tó gbé kalẹ̀ jẹ́ kìlómítà 28.5, láti Marínà dé Agége. Apá méjì ló ní. Láti Marínà dé Yábà, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá, orí òpó ni yóò gbà. Láti Yábà lọ sí Agége, ilẹ̀ ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rélùwéè tó ti wà níbẹ̀. Interinfra, àpapọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ Faransé, ló gba iṣẹ́ náà. Wọ́n ṣí iṣẹ́ náà ní 1983, wọ́n sì fojú sun July 1986 pé èrò yóò máa wọ̀ ọ́.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1983, ológun gbàjọba. Ní 1985, ìjọba Muhammadu Buhari fagi lé Metroline. Owó epo ti ń já wálẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún mẹ́wàá yẹn, owó òkèèrè sì ni iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń jẹ. Ṣùgbọ́n fífagi lé e náà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ó lé ní mílíọ̀nù 78 dọ́là tí Èkó pàdánù láìní mítà kan ojú irin tí èrò lè wọ̀. Bí adéhùn ṣe rí nìyẹn: owó àsansílẹ̀ kì í padà, ẹni tó bá já adéhùn láàárín ló máa san owó ìtanràn.

Nítorí náà, ṣé Metroline ni Red Line? Láti Yábà dé Agége, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n tẹ̀lé. Ó parí síbẹ̀. Metroline fẹ́ dúró sí Agége. Red Line kọjá lọ sí Agbádó. Metroline fẹ́ gba orí òpó wọ Marínà. Títí di bí wọ́n ṣe ṣí i, Ọ̀yìngbò ni Red Line dé. Metroline ì bá ní irin tirẹ̀. Red Line ń bá ẹlòmíràn pín irin lò, èyí tí mo máa padà sí. Ẹ ya Metroline ní àmì tó-tò-tó, kì í ṣe ìlà tó dì, torí orí ìwé ló parí sí.

Tí àyè bá wà, ẹ fi ọfà kan so 1985 mọ́ 2023. Buhari tó fagi lé Metroline náà ló wá ṣí Blue Line gẹ́gẹ́ bí ààrẹ ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní 2023.

Fóltì750:

"Light rail" yẹn, ẹ pa á rẹ́ kúrò lára ògiri.

Àbúrò tíráàmù ni light rail. Ó lè bá mọ́tò rìn lójú títì, ó sábà máa ń dúró ní gbogbo mítà 500 sí 1,000, okùn iná òkè ló sì wọ́pọ̀ fún un. Ẹ wá wo Blue Line: kìlómítà 13, ibùdókọ̀ márùn-ún. Àlàfo mẹ́rin ló wà láàárín ibùdókọ̀ márùn-ún, nítorí náà ó lé ní kìlómítà mẹ́ta kí ọkọ̀ tó dúró lẹ́ẹ̀kejì. Iná rẹ̀ kò gba òkè. Irin kẹta tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin méjèèjì ló ń gbà, fóltì 750. Ta ló máa tẹ́ irin oní-fóltì 750 sójú títì tí ìyálọ́jà ń gbé igbá kọjá? Metro ni Blue Line, látòkè délẹ̀.

Red Line, dísẹ́ẹ̀lì ni, kìlómítà 27, ibùdókọ̀ mẹ́jọ, ó sì ń bá rélùwéè ọ̀nà jíjìn pín irin. Rélùwéè ìgboro-sí-ẹ̀yìn-odi nìyẹn, kì í ṣe light rail.

Kí ẹ má sì fi orúkọ ṣe ẹ̀rí. Ti Abuja tí wọ́n ṣí ní oṣù Keje 2018 ń jẹ́ "Abuja Light Rail" tòun ti orúkọ, bẹ́ẹ̀ dísẹ́ẹ̀lì ló ń lò lórí kìlómítà 45. Tí a bá fẹ́ ṣe òdodo, ohun tó súnmọ́ light rail jù nínú ìtàn Èkó ni tíráàmù 1902, èéfín rẹ̀ nìkan ló bà á jẹ́.

Ojúirin1435:

Mo fara mọ́ àlàyé yẹn, àmọ́ n kò fara mọ́ pípa á rẹ́. Lagos Rail Mass Transit ni orúkọ tí ìjọba fún un, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn ìwé ìròyìn ti ń kọ "light rail", ohun tí àwọn ọmọ yóò sì rí nínú ìwé àtijọ́ nìyẹn. Ẹ kọ "tí àwọn èèyàn ń pè ní light rail", kí ẹ wá fi metro àti rélùwéè ìgboro sí abẹ́ rẹ̀.

Aláwòrán_Ṣómólú:

Ó yé mi, ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ń dà mí láàmú. Tí iṣẹ́ Blue Line bá bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi 2009 tí èrò sì wọ̀ ọ́ ní 2023, ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n fi tẹ́ kìlómítà 13. Kí ló jẹ gbogbo àkókò yẹn? Mo tún rí i níbì kan pé ọkọ̀ àlòkù láti Toronto ni wọ́n fẹ́ lò. Ṣé ó dé?

Ìsúná_àti_Irin:

Kò sí ìdí kan ṣoṣo, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe dé.

Òfin tó dá LAMATA sílẹ̀, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà ní Èkó, jáde ní 2002. Ní òpin 2003, Tinubu tó jẹ́ gómìnà nígbà náà kéde pé ojú irin yóò tún bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ jáde: BRT, bọ́ọ̀sì tó ní ọ̀nà tirẹ̀ lójú títì, láti Mile 12 dé Erékùṣù, oṣù Kẹta 2008, torí ó yá láti ṣe ju ojú irin lọ, kò sì gbówó tó o. Ní oṣù Kẹrin 2008 ni Èkó fọwọ́ sí bílíọ̀nù 70 náírà fún ọ̀nà Òkókómáìkò sí Marínà, 2011 ni wọ́n ní yóò parí. CCECC, ilé iṣẹ́ ìkọ́lé ti Ṣáínà, ló gba iṣẹ́ náà.

Ohun tó kọ́kọ́ fà á sẹ́yìn ni owó. Ìsúná ìpínlẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é lọ́dọọdún. Tí iṣẹ́ bá rọ̀ mọ́ ìsúná báyìí, bí owó bá ṣe wọlé ni kọnkéré ṣe ń gòkè. Ọdún tí owó bá dínkù, agbaṣẹ́ṣe á kó ẹ̀rọ rẹ̀ ségbèé kan, yóò sì tún gbowó kí ó tó kó o padà. Irin, ọkọ̀ àti ẹ̀rọ iná sì jẹ́ ohun tí a ń fi dọ́là rà. Náírà tó já wálẹ̀ ní 2016 kò jẹ́ kí iye 2008 ní ìtumọ̀ mọ́. Gómìnà mẹ́ta ló gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá: Fáṣọlá, Ambode, Sanwó-Olú.

Èkejì, ilẹ̀. Àárín títì Èkó sí Badagry ni Blue Line gbà láti apá Mile 2, títì yẹn náà sì ń fẹ̀ sí i nígbà kan náà. Kí irin tó lè jókòó sí àárín títì, ẹ ó kó páìpù omi, wáyà iná, gọ́tà, ṣọ́ọ̀bù àti ilé kúrò lọ́nà, ẹ ó sì máa gbé mọ́tò láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ibi tí ó ti gòkè sórí òpó lọ́wọ́ Orílé-Ìgànmú kò ní wàhálà yẹn púpọ̀, ṣùgbọ́n ó wá ní ti afárá tí yóò gba orí omi wọ Marínà. Òpó inú omi ọ̀sà kì í ṣe ohun tí a ń sáré ṣe: ẹrẹ̀ ibẹ̀ jìn, àfi kí a gún òpó wọlẹ̀ títí yóò fi kan ilẹ̀ tó le.

Ẹ̀kẹta ni ọkọ̀, ibẹ̀ ni Toronto ti wọlé. Ní 2011 ni ìròyìn jáde pé kóòṣì àlòkù 255 ń bọ̀ láti ibẹ̀, irú H5 àti H6, pé wọn yóò kọ́kọ́ tún wọn ṣe ní Amẹ́ríkà. H5 yìí, láàárín 1976 àti 1979 ni wọ́n kàn án, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí ó tó kan Èkó. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí kọ́ ni ìṣòro tó le jù. Ìbú ojú irin Toronto jẹ́ mìlímítà 1495. Ti Èkó jẹ́ 1435. Ọgọ́ta mìlímítà péré, ẹ lè rò pé wọn yóò kan ti táyà wọnú díẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Agbára ńlá ni wọ́n fi ń tẹ táyà onírin mọ́ ọ̀pá rẹ̀ títí yóò fi mú. Mọ́tò iná àti búréèkì sì rọ̀ mọ́ ọ̀pá kan náà, pẹ̀lú àyè tí wọ́n ti wọ̀n fún un. Tí ẹ bá sún táyà, ẹ ti sún ibi tí búréèkì ń gbá mú. Nítorí náà, ẹ ó pààrọ̀ ọ̀pá àti táyà rẹ̀ lódindi, tàbí ẹ ó pààrọ̀ gbogbo férémù ẹsẹ̀ ọkọ̀, lórí kóòṣì kọ̀ọ̀kan. Iná náà tún wà: fóltì 600 ni Toronto ń lò, 750 ni Èkó. Tí ẹ bá ṣírò gbogbo èyí fún ọkọ̀ tó ti dàgbà, tuntun kò jìnnà sí i mọ́.

Wọn kò gbé èrò kankan l'Ékòó. Ní 2015, LAMATA yíjú sí ilé iṣẹ́ Dalian ní Ṣáínà fún ọkọ̀ tuntun tó ń lo iná. Ọkọ̀ oníkóòṣì mẹ́rin láti Dalian ni ẹ ó rí lórí Blue Line.

Fóltì750:

Ẹ jẹ́ kí n fi ti iná kún un, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ọdún kọ.

Wọ́n ṣí Blue Line ní oṣù Kìíní 2023, ṣùgbọ́n èrò kò wọ̀ ọ́ fún owó àfi ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án 2023. Lọ́jọ́ yẹn pàápàá, irin kẹta kò tíì níná. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ló ń fa àwọn ọkọ̀ oníná yẹn, ìrìn méjìlá péré lójúmọ́. Ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ni iná bẹ̀rẹ̀, ìrìn sì fò sókè sí 54 lójúmọ́.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ilé iná tó wà lẹ́bàá ọ̀nà máa gba iná ńlá, á dín in kù, á sì sọ ọ́ di iná tó ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo bí iná bátìrì, fóltì 750. Iná yẹn á bọ́ sínú irin kẹta. Ọkọ̀ ní nǹkan bíi bàtà irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń yọ́ lọ lára irin náà, ibẹ̀ ló ti ń fa iná sínú mọ́tò. Irin méjì tí táyà ń gùn ni iná gbà padà sí ilé iná. Tí irin kẹta bá já níbì kan, ọkọ̀ tó wà níwájú á dákú, nítorí náà ọ̀nà máa ń pín sí apá-apá, tí a lè pa apá kan láìpa gbogbo rẹ̀.

Ohun tó ń bà á jẹ́: omi òjò tó bá kún dé irin kẹta, pàǹtírí tí èèyàn jù láti orí afárá, àti ẹni tó fo ògiri láti sọdá. Ẹni tó ti ń sọdá títì yẹn láti ogún ọdún kò ní ka ògiri sí, òun ni LAMATA ṣe ń kìlọ̀ kí iná tó bẹ̀rẹ̀. Nínú máàpù yín, ẹ ya ògiri sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti afárá ẹlẹ́sẹ̀ sókè. Kò sí ibi tí ẹsẹ̀ lè gbà kọjá nílẹ̀.

Ibùdókọ̀ márààrún, kí ẹ má bàa ṣì í: Marínà, National Theatre, Orílé-Ìgànmú, Suru-Alábà, Mile 2. Owó ọkọ̀ láti Marínà dé Mile 2 nígbà tí wọ́n ṣí i jẹ́ ₦750, ìjọba sì gé e sí ìdajì, ₦375. Owó ọwọ́ kò wọlé. Káàdì Cowry nìkan ni, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹ bá ń wọlé àti nígbà tí ẹ bá ń jáde.

Agége_sí_Marínà:

Mo ní mo máa padà sí Red Line. Ìbéèrè yín ni pé kí ló dé tí wọn kò lo irin àtijọ́.

Àkọ́kọ́, kì í ṣe ti Èkó. Rélùwéè Nàìjíríà ló ni ilẹ̀ àti irin yẹn. Títí di oṣù Kẹta 2023 tí wọ́n ṣàtúnṣe ìwé òfin orílẹ̀-èdè, ìjọba àpapọ̀ nìkan ni òfin fún láṣẹ lórí rélùwéè. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ lo ọ̀nà yẹn ní láti lọ bẹ̀bẹ̀ fún àdéhùn. Nítorí náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún tí Blue Line ń gòkè, Red Line ń dúró de ìwé.

Ìkejì, kọ́nà rẹ̀. Àwọn tó tẹ́ 1067 láti 1896 ń wá ọ̀nà tí owó rẹ̀ kò pọ̀: wọ́n yí ká ohun tó bá dí wọn lọ́wọ́. Bí a bá tilẹ̀ fa irin wọn yọ tí a fi 1435 sípò rẹ̀, kọ́nà yẹn ṣì wà, ibẹ̀ ni ọkọ̀ yóò ti máa dẹ̀rìn.

Ìjọba àpapọ̀ ló tú u. Oṣù Kẹta 2017 ni iṣẹ́ Èkó sí Ìbàdàn lórí 1435 bẹ̀rẹ̀, irin alọ àti irin àbọ̀, kìlómítà 157, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹfà 2021. Dípò kí Èkó tún tẹ́ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé kí Red Line máa rìn lórí irin yẹn. Ohun tí Èkó kọ́ ni ibùdókọ̀ àti afárá. Tinubu, tó ti di ààrẹ, ṣí i ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì 2024. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn. Ibùdókọ̀ mẹ́jọ: Agbádó, Ìjú, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Múṣín, Yábà, Ọ̀yìngbò.

Afárá wọ̀nyẹn, ẹ má fojú kéré wọn. Níbi tí títì ti ń gba orí irin kọjá, gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ kọjá ni mọ́tò gbọ́dọ̀ dúró. Ọkọ̀ Ìbàdàn mélòó kan lójúmọ́, ó ṣeé fara dà. Ṣùgbọ́n tí Red Line bá kún un, alọ àti àbọ̀, títì Yábà kò ní ṣí mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé mọ́tò gba òkè ní Ọ̀yìngbò, Yábà, Múṣín àti Ìkẹjà.

Pípín irin náà ní owó orí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò: ọkọ̀ kan tó dúró ní ibùdókọ̀ mẹ́fà láàárín Agbádó àti Ọ̀yìngbò, tí ìdúró kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú kan àbọ̀ sí méjì tí a bá ka ìdẹ̀rìn àti ìgbéra mọ́ ọn, yóò fi ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án sí méjìlá pẹ́ ju èyí tí kò dúró lọ. Nítorí náà, tí ọkọ̀ Ìbàdàn bá ń bọ̀ lẹ́yìn, wọ́n gbọ́dọ̀ fi àlàfo tó ju ìyẹn lọ sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò ká a mọ́ Òṣòdì. Òun ni Red Line kò ṣe lè máa jáde ní ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta bí metro, bó ti wù kí ọkọ̀ pọ̀ tó.

Ọkọ̀ rẹ̀ náà ní ìtàn. Ní 2022, Èkó ra ọkọ̀ ojú irin méjì tí ilé iṣẹ́ Talgo kàn, ní Milwaukee ní Amẹ́ríkà. Ìpínlẹ̀ Wisconsin ló ní kí wọ́n kàn wọ́n láti 2009 fún ọ̀nà Chicago sí Milwaukee, ìjọba ibẹ̀ yí padà, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ mọ́, ọkọ̀ wá jókòó. Tuntun tí kò ṣiṣẹ́ rí ni, kì í ṣe àlòkù bíi ti Toronto, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 1435 láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó nílò láti sún táyà. Kóòṣì Talgo kúrú, kóòṣì méjì tó tẹ̀léra ló ń pín táyà méjì lò láàárín ara wọn. Èyí jẹ́ kó fúyẹ́, ṣùgbọ́n ẹ kò lè já kóòṣì kan tó bàjẹ́ kúrò láàárín bí ẹ ṣe ń já ti àwọn yòókù. Odindi ọkọ̀ ló máa wọ ilé àtúnṣe. Kò sì ní ẹ́ńjìnnì nínú ara rẹ̀, àfi kí lokomótíìfù, ìyẹn ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì, fà á.

Ìsúná_àti_Irin:

Kí ẹ fi kún un fún òpin ìlà yín: Blue Line ṣì ku kìlómítà 14, Mile 2 sí Òkókómáìkò, wọ́n ṣí iṣẹ́ ìyẹn ní ọjọ́ kan náà tí wọ́n ṣí ti àkọ́kọ́. Red Line ku nǹkan bíi mẹ́wàá, Ọ̀yìngbò sí Marínà. Ìdá méjèèjì, àmì tó-tò-tó ni.

Aláwòrán_Ṣómólú:

Mo dúpẹ́ gan-an. Ọ̀kan tó kù: ògiri náà kò ga. Báwo ni kí n ṣe ya ìbú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí n sì fi ti Toronto sí i, tí ìyàtọ̀ wọn yóò fi hàn?

Ojúirin1435:

Ìdá kan nínú mẹ́wàá ni kí ẹ lò. Tíráàmù á jẹ́ mìlímítà 76, rélùwéè àtijọ́ 107, Blue àti Red 143 àbọ̀, Toronto 149 àbọ̀. Èyí tó máa fún yín níṣẹ́ ni méjì ìgbẹ̀yìn: mìlímítà mẹ́fà péré ló yà wọ́n, búrọ́ọ̀ṣì tó nípọn á jẹ ẹ́ tán. Ẹ to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé ara wọn, kí irin apá òsì gbogbo wọn wà lórí ìlà kan, kí ìyàtọ̀ lè yọ lápá ọ̀tún. Rúlà àti pẹ́ńsùlù ni kí ẹ kọ́kọ́ fi fà á, ọ̀dà á tẹ̀lé e. Kí ẹ sì rántí, inú irin sí inú irin o.